Ọ̀rọ̀ Dídùn Tí Adéòkè Sọ Lórí Òkè Agbájà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Adéòkè ṣe ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà tó wà ní Karawórò. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan la ń kọ́ níbẹ̀ lọ́dún 2019, olórí àwọn bíríkìlà náà sì mọ ògiri kan tó wọ́. Adéòkè dé láàárọ̀, ó wo ògiri náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ó wọ́. Ẹ wó o." Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó ní sìmẹ́ńtì ló fà á, nígbà tó yá ó ní oòrùn ló fà á. Adéòkè ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ wó o." Kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé, ògiri ti wà nílẹ̀. Wọ́n bú u ní èdè mẹ́ta, ó sì gbọ́ méjì dáadáa nínú wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ mìíràn dé, àwọn náà ló wá bá a ní ọ́fíìsì pé òun làwọn fẹ́ bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ní obìnrin yẹn kì í jẹ́ kéèyàn máa ro ohun tó ní lọ́kàn.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, Ṣèyítán ni wọ́n ń pè mí, Olúwaṣèyítán lórúkọ mi lódindi. Ẹnjiníà ni mí ní ọ́fíìsì wa ní Lọ́kọ́ja, ọdún mẹ́sàn-án ni mo sì fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ Adéòkè. Ọ̀gá mi ni, ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, nítorí náà bí ẹ bá rí i tí mò ń pè é ní "ó," ẹ má rò pé wọn ò kọ́ mi nílé. Bí mo bá ń pè é ní "wọ́n" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò ní mọ ìgbà tí mò ń sọ ti òun nìkan àti ìgbà tí mò ń sọ ti gbogbo abúlé.

Iléeṣẹ́ wa kò tóbi. Ilé ẹ̀kọ́, kànga ẹ̀rọ àti ibùdó ìlera la máa ń kọ́ sí àwọn abúlé, àjọ kan ní Àbújá ló sì máa ń gbé iṣẹ́ náà fún wa. Adéòkè ni alábòójútó iṣẹ́. Àwọn èèyàn rò pé alábòójútó iṣẹ́ ló ń kọ́lé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀, ó ń bá ẹni tó ń yọ búlọ́ọ̀kù sọ̀rọ̀ kó má baà po yanrìn jù. Lọ́sàn-án, ó ń bá àwọn ará Àbújá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nírọ̀lẹ́, ó wà níwájú àwọn àgbààgbà abúlé kan, ó ń ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ fi pẹ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá yí, iṣẹ́ yí nìyẹn. Ọmọ Ìsánlú ni, tíṣà sì ni bàbá rẹ̀. Ó máa ń ní bàbá òun kì í ṣàlàyé nǹkan lẹ́ẹ̀mejì fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé ó máa ń là á yé wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lọ́dún 2022 ni omi gun orí ilẹ̀ wá. Ẹni tó bá gbé Lọ́kọ́ja lọ́dún náà kò nílò kí n ṣàlàyé. Ilé tí Adéòkè fi ọdún mọ́kànlá kọ́ ní Àdáńkòlò wà lábẹ́ omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó wá sí mítíǹgì pẹ̀lú bàtà tí ó yá lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, bàtà náà tóbi jù ú lọ, ó sì ka ìròyìn iṣẹ́ mẹ́rin fún wa láìfi ọ̀kan sílẹ̀. A ní, "Ẹ kú ìṣòro, Màdáámù." Ọ̀gá àgbà wa, Mákánjúọlá, wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí a tẹ̀ síwájú. A tẹ̀ síwájú. Mo wà níbẹ̀, mo tẹ̀ síwájú bíi tàwọn yòókù, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Láti ìgbà náà ni nǹkan kan ti kú nínú obìnrin náà. Kò sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni kò bínú mọ́, èyí ló sì kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, nítorí ẹni tó mọ Adéòkè mọ̀ pé inú tó máa ń bí i yẹn ni iná tó fi ń dáná iṣẹ́. Ògiri lè wọ́ báyìí, yóò kàn wò ó, yóò ní, "Ẹ ṣe bí ẹ bá ṣe lè ṣe é." Ọjọ́ kan tí a jọ ń jẹun, ó sọ fún mi pé, "Ṣèyítán, ǹjẹ́ wọ́n ti gún ọ lábẹ́rẹ́ rí kí wọ́n tó yọ eyín rẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Bí gbogbo ara mi ṣe rí nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mi ò kàn mọ̀ ọ́n lára." Ó ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ lọ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, Mákánjúọlá ní kí gbogbo àwa tí a ń bá aráàlú sọ̀rọ̀ lọ gba ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì lórí ọ̀rọ̀ sísọ. Inú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan la ti ṣe é, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi wá pamọ́ di Kérésìmesì. Ọmọbìnrin kan láti Àbújá ló kọ́ wa, Marvellous lórúkọ rẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọmọ náà, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ́ wa pé kí á máa wo ojú ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ó kọ́ wa pé bí ẹnìkan bá sọ ohun tó ń dùn ún, kí á kọ́kọ́ tún un sọ fún un, kó lè mọ̀ pé a gbọ́ òun. Ìròyìn tí kò dára, ó ní kí á fi ìròyìn rere méjì há a láàárín, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó ní kí á yéé sọ pé "kò ṣeé ṣe," ká máa sọ pé "à ń gbé e yẹ̀ wò." Bí a bá sì parí ọ̀rọ̀, kí á bi wọ́n bóyá ìbéèrè wà; bí kò bá sí, ó yé wọn nìyẹn.

Gbogbo wa ń kọsẹ̀. Èmi, nígbà tí wọ́n ní kí n díbọ́n bí ẹni tó ń sọ fún abúlé kan pé kànga wọn kò rí omi, mo ń làágùn nínú òtútù yẹn, mo ń sọ "ẹ má bínú" láìmọye ìgbà. Ó wá kan Adéòkè. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ohùn rẹ̀ dẹ̀, ojú rẹ̀ tutù, kò kólòlò, kò yára. Marvellous pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ ẹ̀ rí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, òun ni wọ́n fún ní sátífíkéètì ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ jù. Mo wò ó bí ó ṣe ń gbà á, mo sì mọ ohun tí Marvellous kò mọ̀: ẹni tí nǹkan kò dùn mọ́ kò ní ìdí láti kọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yòówù kó jẹ́, á jáde lẹ́nu rẹ̀ ní dídán.

Nígbà yẹn, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa ni ibùdó ìlera kan lórí òkè Agbájà. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí ojú ń tì mí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ bó ṣe rí: òkúta ni, gegele ni, bí òjò bá rọ̀ pẹ́nrẹ́n, ọkọ̀ kò ní gùn ún. Obìnrin tó bá ń rọbí níbẹ̀, orí ọ̀kadà ni wọ́n á gbé e sí wá sí Lọ́kọ́ja. Fàtíà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Mọ̀ríámọ̀ bí, orí ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ ló kú sí, oyún wà nínú rẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni Mọ̀ríámọ̀, opó ni, gbogbo abúlé sì ṣì ń pè é ní Ìyá Fàtíà.

Ògiri ibùdó náà ti ga dé òkè fèrèsé. Páànù ló kù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá tó máa gbé igi òrùlé àti páànù wá kò lè gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wọ ibẹ̀, igi kajú mọ́kànlá tó jẹ́ ti Mọ̀ríámọ̀ ló sì dí ọ̀nà náà. Oko mìíràn kò sí lọ́wọ́ obìnrin yìí. Kajú yẹn ló ń jẹ láti ọdún dé ọdún. Nígbà tí wọ́n bi í nínú ìpàdé oṣù Kejìlá bóyá yóò jẹ́ kí wọ́n gé e, kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ẹ sọ ọjọ́ tí páànù ń bọ̀ fún mi, mà á gé e fúnra mi."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejì ọdún yìí ni lẹ́tà dé láti Àbújá. Wọ́n ti yí ètò wọn padà, àwọn abúlé etí odò ni wọ́n fẹ́ kọjú sí. Gbogbo iṣẹ́ orí òkè, kí á dá a dúró, kí á kó irinṣẹ́ wa wálẹ̀. Kì í ṣe fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́tà náà là á mọ́lẹ̀ kedere. Mákánjúọlá pe Adéòkè wọ yàrá rẹ̀, mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n mi. Ó ní, "Adéòkè, ìwọ lo mọ̀ ọ́n sọ. Lọ bá wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n gbé ìjà kò wá o, iṣẹ́ mìíràn lè gbé wa padà sórí òkè yẹn." Adéòkè ní, "Ó dáa, sà." Ó ká lẹ́tà náà sí méjì, ó fi sínú báàgì rẹ̀.

Nígbà tí a dé abúlé náà, wọ́n ti to àga sílẹ̀ dè wá lábẹ́ igi. Olórí abúlé wà níbẹ̀, àwọn àgbààgbà wà níbẹ̀, àwọn obìnrin jókòó sápá kan, Mọ̀ríámọ̀ sì wà láàárín wọn, ó fi aṣọ àdìrẹ kan wé orí. Adéòkè dìde. Ó kí wọn bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kíra, "Òkun o," wọ́n dá a lóhùn tìdùnnú-tìdùnnú. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó wá sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Iṣẹ́ ńlá lẹ ti ṣe. Kò sí abúlé tí a ti ṣiṣẹ́ tí wọ́n gbárùkù tì wá bíi tiyín. Ní báyìí, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ń tún ètò wọn gbé yẹ̀ wò, èyí sì lè mú kí ohun tó kàn yàtọ̀ díẹ̀ sí bí a ti rò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣe kò ní parun láé. Ẹ̀mí tí ẹ fi gba ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn, ìwúrí ńlá ló jẹ́ fún wa, ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín."

Bó ṣe rí nìyẹn. Mo ti tún un rò láìmọye ìgbà, mi ò rí irọ́ kan nínú rẹ̀.

Ó bi wọ́n bóyá ìbéèrè wà. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ibí yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n ti gbá àwa méjèèjì létí. Ní abúlé yẹn, wọn kì í bi àlejò ní ìbéèrè ní gbangba. Bí àlejò bá sọ̀rọ̀ tán tí o bi í ní ìbéèrè níwájú èèyàn, bí ẹni pé o ní kó wá wí tẹnu rẹ̀ nílé ẹjọ́ ni. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n á fún un ní ohun tí wọ́n bá ní, wọ́n á sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n á wá rán ẹnìkan lọ bá a nílé tirẹ̀ láti bi í ní ohun tí kò yé wọn. A mọ̀. Ọdún kan ààbọ̀ la ti fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti rán Mọ̀ríámọ̀ sí wa. Ṣùgbọ́n Marvellous ti ní bí kò bá sí ìbéèrè, ó yé wọn nìyẹn, ó sì rọrùn láti gba ti Marvellous gbọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Nínú ọkọ̀, bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Adéòkè bi mí pé, "Ṣé wọ́n gbọ́ mi?"

Mo ní, "Wọ́n gbọ́ yín, Màdáámù. Ẹ sọ ọ́ dáadáa."

Ó wá ní, "Nígbà tí mo dìde, òótọ́ ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo wá wò ó pé bí mo sọ ọ́, bí mi ò sọ ọ́, bákan náà ni yóò rí lára mi. Ni mo bá sọ èyí tó rọrùn."

Nínú ìròyìn rẹ̀, ó kọ ọ́ pé a ti fi ọ̀rọ̀ náà tó aráàlú létí, wọ́n sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Mákánjúọlá ka ìyẹn sókè ní mítíǹgì, ó ní kí gbogbo wa lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lára Adéòkè.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà, mo wà ní ìta ọ́fíìsì nígbà tí mo gbọ́ ohùn Obed, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wa. "Mama, who you dey find?" Mo bojú wo géètì. Mọ̀ríámọ̀ ni. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ ní ọjà Kpata, ó wá fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wa, ó gbé ọ̀rá kajú yíyan kan dání. Mo gbé àga fún un, mo bu omi fún un, mo lọ pe Adéòkè. Adéòkè jáde wá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, nítorí àwọn ará Àbújá máa pè láìpẹ́.

"Òkun o, Màdáámù."

"Òkun, Ìyá Fàtíà. Ẹ kú ọ̀nà jíjìn."

"Àwọn àgbà ní kí n kí yín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ àwọn nínú." Ó mu omi díẹ̀. "Wọ́n ní kí n wá bi yín ní ọjọ́ tí páànù ń bọ̀. Àwọn igi yẹn ti ń so. Bó bá jẹ́ oṣù méjì sí i ni, mà á kọ́kọ́ ká èso wọn tán. Bó bá jẹ́ ìsinsìnyí ni, mà á gé wọn bẹ́ẹ̀."

Ẹ gbọ́, mi ò tíì gbọ́ ìbéèrè tó mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé mi. Ọmọdé lè dáhùn rẹ̀. Adéòkè rọra tẹ̀ síwájú, ó wo ojú ìyá náà.

Ó ní, "Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹ fẹ́ mọ ọjọ́, kí ẹ lè ṣètò ara yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo sì mọ̀ pé igi yẹn ṣe pàtàkì sí yín gan-an."

"Ó ṣe pàtàkì."

"Ìyá, a ò tíì ní ọjọ́ kan pàtó tí mo lè fún yín báyìí. Bí nǹkan kan bá yí padà, ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ pè."

Mọ̀ríámọ̀ ro ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i bó ṣe ń rò ó, tó ń mi orí. Ó ní, "Á á. Ó lè jẹ́ ọjọ́kọ́jọ́ nìyẹn."

Adéòkè la ẹnu. Mo rí i pé ó là á. Fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Ẹ bá mi kí ilé o," ó sì wọlé lọ. Ìyá náà gbé ọ̀rá kajú fún mi pé kí n bá òun gbé e fún un. Ó kí Obed, ó jáde.

Èmi ńkọ́? Mi ò jìnnà sí i ju apá kan lọ. Kọ́ọ̀pù omi rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ "ọjọ́kọ́jọ́" yẹn bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn ara mi. Mo ní nínú mi pé iṣẹ́ ẹnjiníà kọ́ ni láti bá aráàlú sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó gba sátífíkéètì rẹ̀ wà nínú ilé. Mo lọ fọ kọ́ọ̀pù. Ìwà òmùgọ̀ ni, bí ẹ bá sì fẹ́ pè é ní ìwà ìkà, mi ò ní jiyàn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a wà ní ọ́fíìsì nítorí ìwé tí a fẹ́ fi ránṣẹ́. Olórí abúlé pe Adéòkè lórí fóònù. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó. Ó ní gbogbo abúlé ló jáde láti àárọ̀ àná, tọkùnrin tobìnrin, ọ̀nà ti là, tírélà méjì lè pàdé níbẹ̀. Kí a máa gbé páànù bọ̀. Adéòkè ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n ti gé e."

Mo ní, "Mélòó?"

"Gbogbo ẹ̀."

Tíì rẹ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀. Ó mu ún tán, láìkánjú. Ó wo ìsàlẹ̀ ife náà. Ó wá ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Mo bi í bóyá kí á kọ́kọ́ sọ fún Mákánjúọlá. Ó ní, "Rárá."

A gun òkè náà dé àárín, níbi tí ọ̀nà ti burú jù. Ó wá ní, "Ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n lára, àbí?" Mo yí ọkọ̀ kúrò lórí òkúta kan. Ó ní, "Mò ń dúró dè é. Mo rò pé tí n bá dé ibẹ̀, tí mo rí wọn nílẹ̀, ó máa wá."

A rí wọn nílẹ̀. Wọ́n ti wọ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mọ́kànlá, ewé wọn ò tíì rọ dáadáa. Èso pupa àti òfeefèé fọ́n ká gbogbo ilẹ̀, oyin ń kùn lórí wọn. Ọ̀nà náà gbòòrò, ó tẹ́jú, wọ́n tilẹ̀ ti gbá a. Ní òpin rẹ̀ ni ilé wa wà láìní òrùlé. Àwọn obìnrin rí ọkọ̀ wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Wọ́n gbé àga jáde. Àwọn kan ń wo ẹ̀yìn wa bóyá tírélà ń tẹ̀ lé wa bọ̀. Mo wo Adéòkè, mo ń wá nǹkan kan lójú rẹ̀, mi ò rí i.

Kò jókòó. Kò kí wọn pàápàá. Ó ní, "Kò sí páànù. Wọ́n ti dá iṣẹ́ náà dúró. Kò ní sí ibùdó ìlera níbí mọ́."

Orin dúró. Olórí abúlé wò mí bí ẹni pé kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ku láti túmọ̀. Mọ̀ríámọ̀ wà nítòsí igi tó kẹ́yìn, ó ń ṣa kajú sínú agbọ̀n. Ó dìde, ó súnmọ́ wa, níwájú gbogbo èèyàn.

Ó ní, "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Àwọn àgbààgbà wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Fàtíà." Ojú Adéòkè ló ń wò.

Adéòkè ní, "Kí n tó wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Nígbà tí mo wá bá yín ní Lọ́kọ́ja ńkọ́?"

"Mo mọ̀."

Ó yí ojú sí mi. "Ìwọ tí o fún mi lómi ńkọ́?"

Mo ní, "Mo mọ̀, mà."

Ó wo àwa méjèèjì. Kò ṣépè. Ì bá sàn fún mi bó bá ṣépè. Ó ní, "Igi yẹn kò ṣòro láti gé. Mo rò pé nítorí Fàtíà ni." Ó padà sídìí agbọ̀n rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún ń ṣa èso lọ, ó ń yọ èyí tó ti bàjẹ́ kúrò lára èyí tó dára. Olórí abúlé jókòó sórí àga tí wọ́n gbé wá fún wa.

Adéòkè rìn lọ bá Mọ̀ríámọ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe. Ó wá ní, "Ìyá, ṣé kí n bá yín ṣà á?"

"Rárá," ni Mọ̀ríámọ̀ wí, kò gbé ojú sókè.

Ó yé gbogbo wa. A wọ ọkọ̀, a sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja.